Rélùwéè Tó Gbá Mi ní Ọ̀wọ̀

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú gègé. Rélùwéè ló gbá mi kúrò nídìí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré, ìlú Ọ̀wọ̀ ló sì ti gbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀wọ̀, mo rí yín bí ẹ ti ń fi imú rẹ́rìn-ín. Wọn kò tẹ́ irin rélùwéè kankan láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, wọn kò tẹ́ ẹ láti Ìfọ́n dé etí odò Ọ̀sẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fojú kan rélùwéè lágbègbè wa, àfi kó wọ lọ́rì, kí eruku kùn ún ní pupa títí dé Òṣogbo. Síbẹ̀ ó gbá mi. Kò gùn ju apá mi lọ, láti ìgúnpá dé orí ìka, kò sì ní èédú nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojú kan wo iṣẹ́ ọwọ́, tí ẹ ń fi ìkejì wo tábìlì akọ̀wé. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ kíkun ọ̀dà dára, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì ń wá ẹni tí yóò sọ pé kò dára, n kò lè sọ ìyẹn náà. Èmi ni mo ṣe é tí kò dára.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba àlàyé. Ìsùadà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi fẹ́ kí n di akọ̀wé kóòtù, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ mi kún fún àwòrán ewúrẹ́ ju ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n mú mi lọ bá Bàbá Aládé lẹ́yìn ọjà Ọba, wọ́n fi obì kan àti ìkìlọ̀ púpọ̀ lé e lọ́wọ́, ó tán. Ní ti owó, mo jẹun, mo fẹ́ ìyàwó, àwọn ọmọ mi wọ bàtà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó bi ìyàwó mi. Yóò sọ fún un pé kò sí nǹkan mìíràn láti gbọ́.

Ohun kan ni kí n sọ kí n má baà gbàgbé. Ohùn Ọ̀wọ̀ ni gbogbo àwọn ènìyàn inú ìtàn yìí ń sọ. Mo tú u sí ti ìwé kí ará Ọ̀yọ́ tó bá kà á má baà rò pé a ń bú òun.

Bàbá Aládé, ọ̀gá mi, a máa kun àkó. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò bá àkó láyé. Nígbà náà, bí ẹni ńlá bá kú ní Ọ̀wọ̀, wọn a sin ín, nígbà tó bá yá, wọn a tún un sin. Ìsìnkú kejì yẹn ni àkó wà fún. Agbẹ́gilére a gbẹ́ ère tó ga tó òkú náà gẹ́lẹ́, àwọn ọmọ a fi aṣọ òkú wọ̀ ọ́, wọn a fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn, wọn a gbé e yí ìlú ká kí tọmọdé tàgbà lè dágbére fún un. Agbẹ́gilére ló ni ara. Ọ̀gá mi ló ni ojú. Bí ọmọ olóòkú bá rí àkó tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀gá mi kò tíì ṣe nǹkan kan nìyẹn.

Ọdún kan gbáko ni mo fi lọ nǹkan lórí ọlọ. Ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, èédú fún dúdú, ẹ̀lú fún ibi tó bá fẹ́ jọ òjìji. Ọ̀gá mi a ti ìka bọ̀ ọ́, a fi ra eyín iwájú rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ kùrù, a ní, “Ìwọ ọmọ ìwé, ṣé gàrí lo lọ̀ fún mi?” Ó di ọwọ́ ọlọ padà. Irun ìrù ewúrẹ́ la fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò mọ̀ mí débi pé bí mo bá yọ lókèèrè, wọn a jókòó lé ìrù wọn.

Nígbà tí ọdún pé, mo rò pé yóò fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n lọ jókòó ti Ìyá Ọlọ́ṣẹ, obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ dúdú ní ìkọjá ilé wa. Ó ní bí oòrùn bá kan àtàrí kí n padà wá sọ ojú rẹ̀ fún òun.

Mo padà dé, mo ní, “Obìnrin dúdú ni, bàbá. Ó ní ojú méjì.”

“Èmi náà ní méjì. Ṣé èmi ni ìyá ọlọ́ṣẹ?”

Ó lé mi padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni mo tó rí i pé ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ kúrú ju ti ọ̀tún lọ, pé ihò kékeré kan wà lábẹ́ ètè rẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti yọ hóró àgbàdo, pé bí ó bá fẹ́ purọ́ iye ọṣẹ, imú rẹ̀ a kọ́kọ́ mì. Ìyá náà ti gbà pé mo fẹ́ fẹ́ òun. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ènì.

Ṣùgbọ́n wíwò nìkan kọ́ ni ọ̀gá mi fi ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó ṣí ìkòkò ọ̀dà fún òkú kankan, a lọ sí ilé olóòkú, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè, a ní, “Kí ni ayé fi sí i lára?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń béèrè rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, wọn a yin òkú: ó ga, ó lẹ́wà, ọrùn rẹ̀ rí bí ọrùn egbin. Ọ̀gá mi a mi orí, a tún béèrè. Wọn a dárúkọ ilà ojú rẹ̀ àti eyín rẹ̀ tó funfun. A tún béèrè. Nígbà náà ni ẹnìkan, bóyá orogún, bóyá àbúrò tí kò sí ẹni tó kà á sí, a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: “Etí rẹ̀ kan ti já.” Ọ̀gá mi a dìde, a dúpẹ́, a máa lọ.

“Ohun tí ojú rẹ rí,” ló máa ń wí fún mi lójú ọ̀nà, “ojú rẹ nìkan ló rí i. Èyí tí wọ́n mọ̀ kò sí lójú. Ó wà lẹ́nu wọn, wọn kò sì ní yọ ọ́ fún ọ bí o kò bá béèrè.”

Abèèrè kì í ṣìnà. Kò sú mi láti máa pa òwe náà fún àwọn ẹlòmíràn.

Àkó kejì tí mo bá a ṣe ni ti obìnrin oníṣòwò kan ní Emùrè-Ilé. Nígbà ìbéèrè kẹta, ọmọbìnrin kan ní epo gbígbóná ti jó ìyá náà lọ́rùn nígbà kan rí, àpá rẹ̀ kò sì lọ. Ọ̀gá mi kun ojú, ó fi ọrùn sílẹ̀ fún mi. Ẹ wò ó, mo jẹ́ ọ̀dọ́, ọwọ́ ń yún mi láti ṣe ohun tó dára. Mo kun ọrùn náà títí ó fi ń dán bí èso àgbálùmọ̀. Àpá, n kò fi sí i. Mo ní ta ló fẹ́ gbé àpá lọ sọ́run.

Ọ̀gá mi wọlé nígbà tí àwọn ẹbí ti pé. Ó wo ọrùn náà. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan tó máa ń fi há ọ̀dà, ó há gbogbo rẹ̀ kúrò títí igi fi yọ.

“Ẹ̀yin ará ilé,” ó ní, “ẹ má bínú. Ọmọ iṣẹ́ mi ti gbé ẹlòmíràn wá fún yín.”

Kò lù mí. Ìbá lù mí ìbá sàn. Ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n kun àpá náà lójú gbogbo wọn, kí ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ máa sọ fún mi ibi tó gbé bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nígbà tí wọ́n gbé àkó jáde, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù kaki ya ara rẹ̀ kúrò láàárín èrò. Ọmọ olóòkú ni, iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe lókè ọ̀hún, ìsinmi ló gbà wálé. Ó gbé ìka lé àpá ọrùn náà, ó sì sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá mi fi ìgúnpá gún mi níhà. Èyí nìkan ni ìyìn tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láyé.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀gá mi kú, ọ̀bẹ rẹ̀ kàn mí. Àkó ń dínkù, nítorí ìjọ kò fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ sì pọ̀ fún àwọn ọmọ tó ti fi owó kòkó ránṣẹ́ sí ilé ìwé gíga. Èmi náà yí ọwọ́ padà. Mo kun ìlẹ̀kùn ìjọ Áńgílíkà. Mo tún imú ère ṣe fún ìjọ Àgùdà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, mo kun pátákó dúdú fún ilé ìwé débi pé èékánná mi kò funfun fún ọdún méjì. Lọ́rì tó ń ná Ìfọ́n àti Benin kò lóǹkà tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí níwájú. Ọlọ ọ̀gá mi di ohun tí ìyàwó mi fi ń lọ ata, nítorí ọ̀dà ti ń ti inú agolo wá, ó ti pò tán, ó ń dán.

Lẹ́yìn náà ni mo ra ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà. Ó rí bí èyí tí wọ́n fi ń fín oògùn ẹ̀fọn, ẹ kàn ń fi ọwọ́ fà á, ẹ ń tì í, ọ̀dà a máa bà lé nǹkan bí ìrì. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì di ti wákàtí kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìyàwó mi ní ó kù kí n bí ọmọ fún un. Ẹni tó ń fọ́n ọ̀dà kò ní láti jókòó wo nǹkan. Kò sì sí ẹni tó ń bi lọ́rì pé kí ni ayé fi sí i lára. Bí mo ṣe bọ́ ìbéèrè sílẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ kan kọ́, n kò sì mọ ọjọ́ tó bọ́.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí Tíṣà Morẹ́nikẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Olùkọ́ ni ní Ọ̀wọ̀, ọmọ Emùrè-Ilé.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ń pè yín.”

“Bàbá yín wo, Tíṣà? Ṣé ọkọ ni wọ́n fẹ́ fún yín, wọ́n wá ń wá ẹni tó máa kun ojú ìyàwó?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bàbá Dírébà. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Wọ́n ní kí ẹ wá kí ọjọ́ tó lọ.”

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí Emùrè-Ilé. Bàbá Dírébà jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi wa ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun kan wà lórí itan rẹ̀ tó fi kóòtù kaki wé. N kò dá ọkùnrin náà mọ̀. Kóòtù ni mo mọ̀.

“Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ Aládé,” ó ní.

“Èmi ni, bàbá.”

“Ìwọ lo kun ọrùn ìyá mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún.

Ó tú kóòtù náà. Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni, ti idẹ àti páànù, tó ní sìmìnì tí èéfín ń gbà jáde, tó ní táyà irin, tó ní yàrá kékeré lẹ́yìn tí dírébà a máa dúró sí. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló rọ ọ́ fún un nígbà tó fẹ́ kúrò, ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún. Ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ti jẹ ẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, orí sìmìnì ti ṣí, ìpẹtà ti mú un nídìí.

“Ìjọ ní kò sí àkó mọ́,” bàbá náà ní. “Àlùfáà wá sọ fún mi, ó sì fọ̀wọ̀ sọ ọ́. Mo ní ó dáa. Mo ní ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ère ènìyàn, ṣé wọ́n lè gbé e ṣáájú pósí mi? Ó ní ìyẹn kò burú. Mo fẹ́ kí ó jọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibi tó ṣí ni kí o bò. Ibi tí kò ṣí, fi í sílẹ̀.”

Mo gbé e, mo yí i síwá sẹ́yìn. Lábẹ́ fèrèsé dírébà, mo rí ìlà pupa kan tó wọ́, tí kò tó gígùn ìka. Ẹni tó fà á kò lo búrọ́ọ̀ṣì. Mo tilẹ̀ rí ojú ìka nínú ọ̀dà náà, finín-finín. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn ọmọ-ọmọ ti fi ọ̀dà ṣeré.

Mo fẹ́ dìde. Bàbá náà ń wò mí, bí ẹni tó ń retí pé kí n parí ọ̀rọ̀ tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀.

“Kò sí ohun tí o fẹ́ bi mí?”

“Rárá, bàbá. Mo ti rí gbogbo rẹ̀.”

“Aládé máa ń béèrè.”

“Ti ènìyàn nìyẹn, bàbá. Irin lèyí.”

Ó ní, “Ẹn-ẹn.” Ó fọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì náà lórí kí n tó gbé e lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi rí i lórí tábìlì. Ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ ti béèrè àmì ara rẹ̀?”

“Àmì ara irin? Kí n bi í bóyá ó kọlà?”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì máa ń gbọ́.

Àwọ̀ ewé inú agolo kò bá ti àtijọ́ mu. Bí mo bá bo ibi tó ṣí nìkan, yóò rí bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Mo ní kí ni mo ra ẹ̀rọ fún? Mo ní kí n há gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n fọ́n ọ̀tun sí i, kí gbogbo Emùrè rí iṣẹ́ mi níwájú pósí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo po sódà líle tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ mọ́ omi, mo ti ẹ́ńjìnnì náà bọ̀ ọ́. Ọ̀dà ń ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́. Ìlà pupa yẹn nìkan ni kò fẹ́ ṣí. Ó le ju gbogbo ìyókù lọ. Mo mú ọ̀bẹ ọ̀gá mi, mo fi há a títí ó fi tán. Ọ̀bẹ tó fi há irọ́ mi kúrò lọ́rùn ìyá ni mo fi há òtítọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọmọ.

Nígbà tí mo fọ́n ọ̀dà sí i tán, ènìyàn dúró wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan ní kí n bá òun fọ́n ojú òun náà bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀dà mi kò tó.

Mo gbé e padà lọ́jọ́ kẹta. Tíṣà Morẹ́nikẹ́ gbà á, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lórí itan. Bàbá náà fi ọwọ́ tọ́ sìmìnì, ó tọ́ táyà. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà sí abẹ́ fèrèsé. Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ, ó bọ̀.

“Yísà dà?” ó ní.

Mo rò pé ó ń pe ọmọ ilé kan. Mo wo ẹ̀yìn. Tíṣà ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ta ni Yísà, bàbá?”

“Ọmọ Ọ̀fà ni. Òun ló ń da èédú sí iná fún mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún la jọ wà lórí ẹ́ńjìnnì kan. Ìyàwó mi kò mọ̀wé, kò lè ka nọ́ńbà ara ọkọ̀. Yísà ti ìka bọ ọ̀dà pupa, ó fà á sábẹ́ fèrèsé mi. Ó ní, ‘Ìyàwó wa, bí ẹ bá rí pupa yìí lókèèrè, ẹ gbé ìkòkò kaná, àwa ló ń bọ̀.’ Nígbà tí wọ́n rọ èyí fún mi, ó ní kò tíì pé. Ó tún ti ìka bọ ọ̀dà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ibà mú un lọ.” Àtàǹpàkò rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀. “Ìka rẹ̀ wà níbí.”

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ kò sọ fún mi, bàbá.”

“O kò bi mí.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Ó gbà, bí ẹni tí kò ní ohun mìíràn tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó kí n lè rántí. Ṣé òkè ni ìlà náà kọjú sí àbí ilẹ̀? Ibo ló gbé nípọn? N kò mọ̀. Títí di òní, bí ẹ bá jí mi, mo lè kun ojú ìyá ọlọ́ṣẹ fún yín pẹ̀lú ihò abẹ́ ètè rẹ̀. Ìlà tí bàbá náà gbé lé mi lọ́wọ́, mo wò ó bí ẹni wo ìdọ̀tí. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fà á. Ó gún régé bí lẹ́tà iwájú lọ́rì. Mo nù ún. Mo tún fà á, mo tún nù ún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ti ìka mi bọ agolo, mo fà á lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ.

Bàbá náà fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò. Kò pẹ́ rárá.

“Ìka ta nìyí?”

“Tèmi ni, bàbá.”

“O ṣeun tí o kò purọ́.”

Ó gbé ẹ́ńjìnnì náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, bí a ti í gbé ẹrù àlejò sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, kí ni ayé fi sí i lára?” Mo tún béèrè. Ó yí ojú sí fèrèsé. Nígbà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Tíṣà rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.”

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí bàbá náà fi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, mo ká fìlà mi sọ́wọ́. Àlùfáà ṣíwájú, Tíṣà Morẹ́nikẹ́ tẹ̀lé e, ní ibi tó yẹ kí ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì wà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó nà wọ́n díẹ̀ síwájú, n kò mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pósí. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Wọ́n ní rélùwéè bàbá ni yóò ṣáájú. Wọn kò gbé e mọ́ ni?” Ẹnìkejì ní òun gbọ́ pé ó bàjẹ́ lọ́wọ́ kunlékunlé kan. Mo wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti ṣèlérí fún ara mi pé n kò ní gbà yín níyànjú. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín. Ọ̀gá yín yóò fún yín ní ohun kan tí yóò dà bí ọ̀rọ̀ àgbà lásán, tí yóò máa dá yín dúró, tí yóò máa gba àkókò yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó yára, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ jù nù. N kò sọ pé kí ẹ má jù ú. Èmi náà gbọ́ ọ látàárọ̀ ayé mi, mo jù ú.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, awakọ̀ kan láti Ìfọ́n ti dúró tì mí kí n fi pupa kọ ọ̀rọ̀ síwájú lọ́rì rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí agolo ni Tíṣà Morẹ́nikẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kóòtù kaki wà ní abíyá rẹ̀. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó mi, ó sì gbé kóòtù náà lé orí tábìlì, ó tú u. Ẹ́ńjìnnì náà ló wà nínú rẹ̀.

“Bàbá ní kí n gbé e fún yín lẹ́yìn tí a bá sin wọ́n tán.”

“Tíṣà, n kò lè gbà á. Ti bàbá yín ni.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní rárá.” Kò bínú. Ó ń ká kóòtù náà padà, apá kan lórí èkejì. “Wọ́n ní ìka yín ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀ ló ni ín.”

Ó gbé kóòtù náà sí abíyá, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà Emùrè lọ.

Awakọ̀ náà ní, “Ọ̀gá, oòrùn ń mú. Ṣé ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?”

Mo dá ìdérí padà sórí agolo ọ̀dà pupa. Mo fi èèkù ọ̀bẹ ọ̀gá mi lù ú títí ó fi wọlé ṣinṣin. Awakọ̀ béèrè ìgbà tí òun yóò padà wá, mo mi orí fún un, nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí lọ́rì rẹ̀ ń lọ. Mo gbé ẹ́ńjìnnì náà lé itan, mo fi ìka sí abẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ó bá a mu gẹ́lẹ́.